Ẹ Ti Fẹ̀yìntì Lẹ́nu Iṣẹ́, Ẹ Wá Fẹ̀yìntì Lórí Kẹ̀kẹ́

Àwọn tí ò ráyè wá sí ìpàdé àwa àgbà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Sátidé ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbẹ̀ sílẹ̀, òun nìyí, ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú òtútù. Mo rí i pé látìgbà tí mo ti ti nǹkan yìí wọlé lẹ ti ń wò ó bí ẹni ń wo eégún ọ̀sán. Ẹnìkan bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé kẹ̀kẹ́ arọ ni, mo ní rárá o. Bàbá kan ní àbí Maruwa ni, mo ní bàbá, ẹ ka táyà ẹ̀, méjì péré ni. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni jàre, kẹ̀kẹ́ tí ẹ mọ̀ náà ni, kìkì pé àga ló wà níbi tí gàárì ì bá wà, àga ọ̀hún sì ní ibi téèyàn lè fẹ̀yìn tì, pẹ́dà wá wà níwájú dípò abẹ́ ìdí, ọwọ́ ẹ̀ sì ga ó tẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń gùn ún kó má báa di pé a ń nà gàlà ká tó dì í mú. Òyìnbó ń pè é ní semi-recumbent. Èmi ń pè é ní kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntì, torí gbogbo wa tá a wà níbí la ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ (àfi Sista yẹn tó ṣì ń ṣe náìtì), kí ló dé tí kẹ̀kẹ́ wa ò ní fẹ̀yìn tì pẹ̀lú wa?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí nígbà náà, mo ń gun kẹ̀kẹ́ mi lásán bọ̀ láti ọjà, iná ojú ọ̀nà pọ́n ní Queen's Road, mo dúró. Ẹ gbọ́ o, mo ti dúró. Ọkọ̀ kankan ò kọ lù mí, ilẹ̀ ò yọ̀, òjò ò rọ̀. Mo na ẹsẹ̀ òsì kí n fi kan ilẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló máa ń kanlẹ̀ tẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ yẹn etí títì rẹlẹ̀ díẹ̀ síi, ọmọ ìka ò bá nǹkan kan, mo ń wá ilẹ̀ ilẹ̀ ò wá mi, ni mo bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí igi ọ̀pẹ tí wọ́n gé, pẹ̀lú iṣu àti ata rodo nínú báàgì. Ibi tí kẹ̀kẹ́ ti dúró ni mo ti ṣubú. Ọmọbìnrin kan ló gbé mi dìde, ó ń pè mí ní uncle, ọrùn ọwọ́ mi wú bí búrẹ́dì tí wọ́n ki sínú tíì. Nígbà tó fi máa di alẹ́, àwọn ọmọ mi ti ṣe ìpàdé lórí fóònù láì pè mí sí i, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, Daddy ò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Àgbà kì í ṣe langba langba, èyí àbíkẹ́yìn ló kó òwe bò mí, ọmọ tí wọ́n bí sí ọsibítù King's College tí ò lè sọ Yorùbá kọjá ẹ káàárọ̀, òwe yẹn ló wá mọ̀.

Mo gbà fún wọn fún oṣù mẹ́fà. Ìgbà tí mo wá ń jókòó sílé yẹn ni mo rántí bàbá mi. Bàbá mi ní Raleigh dúdú kan ní Iléṣà, èyí tó ń bọ̀ láti Nottingham níbí, tí búréèkì ẹ̀ jẹ́ irin gbọọrọ gbọọrọ kì í ṣe wáyà, òun ló fi ń lọ oko kòkó, òun ló fi gbé mi lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún nígbà tó fi kẹ̀kẹ́ náà fún àbúrò ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le koko nígbà yẹn o, ó ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ oko rìn bọ̀, ó ṣì ń gun igi. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní "ìdí mi ò gbà á mọ́."

Ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ gan-an nìyẹn. A máa ń rò pé ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kọ̀ fún àgbà, tàbí èémí. Ẹ bi àwọn tó ti jáwọ́ nínú kẹ̀kẹ́ gígùn, ẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan míì. Ẹnìkan á ní ìdí, ẹlòmíì á ní ọwọ́ òun máa ń kú, ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e, torí iṣan kan tó gba ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kọjá lọ sí ìka méjèèjì yẹn, téèyàn bá wá fi gbogbo ara òkè tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, iṣan náà ló ń tẹ̀. Ẹlòmíì á ní ọrùn, torí téèyàn bá tẹ̀ síwájú ó gbọ́dọ̀ gbé orí sókè bí ìjàpá kó tó lè ríran. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ àgbà, gàárì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, àárín ìdí àti ibi tí ẹ mọ̀ yẹn ló ń tẹ̀, iṣan àti ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ ló ń fún, òun ló fà á tí ibẹ̀ fi máa ń kú téèyàn bá pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má rẹ́rìn-ín, tiyín náà wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀ ni gígùn àti bíbọ́ sílẹ̀, kéèyàn gbé ẹsẹ̀ fò lórí irin, kó máa fi ọmọ ìka wá ilẹ̀ níbi iná. Àgbà pọ̀ tó jẹ́ ìgbà tó ń gùn ún tàbí tó ń sọ̀kalẹ̀ ló ṣubú, kì í ṣe ìgbà tó ń sáré. Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀ tó dá ṣáṣá, kẹ̀kẹ́ ni ò gba ara ẹni tó ni ẹsẹ̀.

Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ẹ jókòó dáadáa sórí àga tí ẹ wà yẹn, ẹ fẹ̀yìn tì í. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó dáa. Ẹ wá na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú bí ẹni fẹ́ fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti ìjókòó tó wà níwájú, ẹ má ti èèyàn ṣubú o, ẹ dá a padà, ẹ na ti òsì. Ẹ ti ń gun kẹ̀kẹ́ yẹn nìyẹn. Nǹkan kan dùn yín? Ọwọ́ yín ńkọ́, ó wà lórí itan yín, kò gbé ẹrù kankan. Ọrùn yín dúró ṣánṣán. Ìdí yín méjèèjì ló pín yín gbé, ẹ̀yìn sì ń bá wọn gbé e.

Ohun tí wọ́n sì ṣe ò le rárá tá a bá rò ó. Kẹ̀kẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, abẹ́ ìdí ni pẹ́dà wà. Kí orúnkún tó lè nà bó ṣe yẹ, gàárì gbọ́dọ̀ ga, tí gàárì bá sì ga ẹsẹ̀ ò ní kanlẹ̀ mọ́, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe é. Tẹ́ ẹ bá rẹ gàárì sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè kanlẹ̀, orúnkún á máa gun àyà yín bíi ti bàbá tó gun kẹ̀kẹ́ ọmọ ẹ̀, kò ní pẹ́ kí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Wọ́n wá gbé pẹ́dà síwájú. Ó parí. Bí pẹ́dà ṣe lọ síwájú, àga lè wálẹ̀, orúnkún ṣì ń nà tán, ẹsẹ̀ méjèèjì sì ń kanlẹ̀ pẹrẹsẹ láì dìde kúrò lórí àga. Iná pọ́n, ẹ tẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹ jókòó yín bí ẹni jókòó sí pálọ̀.

Wọ́n pọ̀ ní irú irú. Ní Kalifóníà, àwọn Electra ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Townie, èyí kàn gbé pẹ́dà síwájú díẹ̀ ni, kò ní ìfẹ̀yìntì, gàárì ẹ̀ fẹ̀, ẹni tí kò bá wò ó dáadáa ò ní mọ̀ pé ó yàtọ̀. Ẹni tójú ń tì láti gun nǹkan àràmàǹdà, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni irú tèmi yìí, tó ní àga gidi, tó gùn, tọ́wọ́ ẹ̀ ga. Ní Kalifóníà náà ni Gardner Martin ti ṣe Tour Easy, èyí tó jọ tèmi, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kẹ̀kẹ́ ọ̀lẹ ni, torí ọmọ ìyá ẹ̀ kan tí wọ́n fi nǹkan bò kó má baà máa gba atẹ́gùn, Gold Rush, òun ni Fred Markham gùn lọ́dún 1986 tí eré ẹ̀ fi ju máìlì 65 ní wákàtí lọ, fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹsẹ̀ lásán ni o, kò sí ẹ́ńjìnnì.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà wà, fún ẹni tí òòyì ń kọ́ tàbí tí ara ẹ̀ ò dúró déédéé mọ́, bí àpẹẹrẹ ẹni tó ti ní ìkọlù rọpárọsẹ̀ rí. Àwọn Van Raam ní Varsseveld ní Nẹ́dálándì ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Easy Rider, àga ẹ̀ ga níwọ̀nba, èèyàn á kàn jókòó sí i bí ẹni jókòó sórí àga ilé. Ní Falmouth ní Cornwall níbí, àwọn ICE ń ṣe àwọn tó rẹlẹ̀, táyà méjì níwájú ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n lẹ́wà, wọ́n ń sáré, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kí àgbà tí orúnkún ń dùn dán dídìde wò kó tó dán gígùn wò. Jíjókòó ò lójú. Bí wọ́n ṣe máa fà yín dìde lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀kan tún wà tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, Pino, àwọn Hase ní Waltrop ní Jámánì ló ń ṣe é, ẹni méjì ló ń gùn ún, ẹni iwájú fẹ̀yìn tì, ẹni ẹ̀yìn jókòó sókè ló ń darí. Mama á wà níwájú tó ń wo ayé, Baba á wà lẹ́yìn tó ń wo ọ̀nà, orí wọn sì súnmọ́ra tó láti jà. Ẹni tójú ẹ̀ ò ríran mọ́ lè jókòó síwájú kó máa wa tiẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé tó bá dáa tó báyìí, kí ló dé tá ò rí i rí nílé, kí ló dé tó jẹ́ Raleigh ni gbogbo ayé ń gùn. Ìtàn yìí máa ń dùn mí. Ní Paríìsì, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Charles Mochet. Ó ní ọmọ kan, Georges, ọmọ ń fẹ́ kẹ̀kẹ́, ìyá ọmọ ní kò dára, á ṣubú (ìyá ọmọ, ibi gbogbo ló ti jẹ́ ìyá ọmọ), ni Mochet bá kan mọ́tò kékeré onípẹ́dà fún un, táyà mẹ́rin. Ó rí i pé nǹkan náà ń sáré, ó ṣe é fún àgbà, ó bá a débi pé ó gé e sí méjì, ó wá di kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ẹni tó ń gùn ún fẹ̀yìn tì. Vélocar ló pè é. Ó gbé e fún Francis Faure, sárésáré kan tí kì í ṣe ara àwọn ọ̀gá pátápátá. Lọ́jọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1933, Faure gùn ún fún wákàtí kan gbáko nínú pápá kẹ̀kẹ́ ní Paríìsì, ó rin kìlómítà 45.055. Àmì tó pa rẹ́ yẹn, Oscar Egg ló fi lélẹ̀ lọ́dún 1914, kìlómítà 44.247, ọdún mọ́kàndínlógún ni ò fi sẹ́ni tó kọjá ẹ̀. Inú àwọn ọ̀gá sárésáré ò dùn o. Nígbà tó di 1934, UCI, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, jókòó, wọ́n ní ohun tí Faure gùn yẹn kì í ṣe kẹ̀kẹ́ lójú òfin, kó máa lọ gba orúkọ míì níbòmíì. Kẹ̀kẹ́ tí wọn ò jẹ́ kó wọ eré, ilé iṣẹ́ wo ló máa ṣe é? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá, ó di ọdún 1970 àti díẹ̀ kí àwọn èèyàn bíi David Gordon Wilson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, tó tún gbé e dìde. Lọ́dún 1933 yẹn, bàbá mi ò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Kẹ̀kẹ́ tí ìdí rẹ̀ ì bá gbà nígbà tó dàgbà ti wà láyé, ìpàdé kan ni wọ́n fi lé e lọ. Tí mo bá ti rántí ẹ̀ báyìí inú á bí mi.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń bú kẹ̀kẹ́ lásán o. Bàbá kan wà ní Faransé, Robert Marchand, ní oṣù Kìíní ọdún 2017 ó gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan, ó rin kìlómítà 22.547, ẹni ọdún márùnlélọ́gọ́rùn-ún ni. Kẹ̀kẹ́ eré lásán ló gùn, ó tẹ̀ síwájú bí ọmọdé. Tí ìdí yín bá jẹ́ irú tiẹ̀, ẹ kú oríire, ẹ máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ mi ò kàn yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tó korò, kí ẹnikẹ́ni má lọ rà á tán kó máa ṣépè fún mi. Òkè ni àkọ́kọ́. Lórí kẹ̀kẹ́ lásán téèyàn bá dé òkè á dìde dúró lórí pẹ́dà, á fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Orí èyí ẹ ò lè dìde, jókòó lẹ wà, torí náà gíà tó fúyẹ́ lẹ máa lò, kẹ́ ẹ máa yí i kíákíá kíákíá, kẹ́ ẹ má yájú sí òkè. Èmi ò gbọ́. Torí mo ní ìfẹ̀yìntì, mo rí i pé mo lè fi ẹ̀yìn ti àga kí n fi ẹsẹ̀ ti pẹ́dà, agbára wá pọ̀, mo ń fi gíà líle gun òkè Dog Kennel Hill, inú mi ń dùn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, orúnkún ọ̀tún ò jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn ilé mi. Agbára tó pọ̀ yẹn, orúnkún ló ń san gbèsè ẹ̀. Mo tún wá rí i pé mo gbé àga síwájú jù, orúnkún ò ráyè nà. Ẹ ṣe é báyìí: ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà níbi tó jìnnà jù, kí orúnkún nà tán, tẹ́ ẹ bá wá gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé e bó ṣe yẹ, orúnkún á ká díẹ̀. Ìyẹn ló tọ́.

Èkejì, bíbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kìíní, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọmuti, torí ẹ ò lè fi ara darí ẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì di ọwọ́ ẹ̀ mú bí ẹni di olè mú á tún burú síi. Ẹ dì í mú bí ẹyin. Gíà fúyẹ́, pẹ́dà kan sókè díẹ̀, ẹ tì í, ẹ gbé ẹsẹ̀ kejì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ó di mímọ́ra.

Ẹ̀kẹta ló jọ pé ó máa dá ọ̀pọ̀ yín dúró, ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí. Ó gùn, ó wúwo, ṣéènì ẹ̀ nìkan ju méjì ti kẹ̀kẹ́ lásán lọ. Àwa tá à ń gbé fláàtì lókè kẹta tí lííftì ò sí, àpótí kẹ̀kẹ́ tí káńsù gbé sí ojú títì ò sì gba ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí la fẹ́ ṣe? Tèmi wà ní ṣẹ́ẹ̀dì àna mi, mo ń rìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó dé ibi tí kẹ̀kẹ́ mi wà. Owó náà ò kéré, tuntun wọ́n gan-an, àlòkù ni mo rà, lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ́ ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ra àlòkù, ẹ má tijú.

Oníná ńkọ́? Ó dáa, ó dáa gan-an pàápàá fún òkè. Òfin ìlú yìí ni pé ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 250 wátì lọ, kó sì dẹ́kun àtìlẹ́yìn tó bá ti dé máìlì 15.5 ní wákàtí, tó bá ti wà bẹ́ẹ̀ ẹ ò nílò láísẹ́ẹ̀sì tàbí ìnṣọ́ránsì. Ẹ ṣọ́ra fún bátìrì pọ́ọ́kú tí ẹ ò mọ ibi tó ti wá, kẹ́ ẹ má sì fi sínú ṣáájì sẹ́nu ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà sá jáde.

Ẹ sọ fún dókítà yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má sì fi kẹ̀kẹ́ pààrọ̀ ìrìn ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ dáa fún ọkàn àti orúnkún, ṣùgbọ́n egungun fẹ́ kí ẹ gbé ara yín rìn kó tó le.

Ẹ ò ní láti rà á kẹ́ ẹ tó gùn ún. Wheels for Wellbeing, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kan níhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù yìí, máa ń kó oríṣiríṣi kẹ̀kẹ́ jáde fún àwọn tí kẹ̀kẹ́ lásán ò rọ̀ lọ́rùn, Herne Hill Velodrome wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, pápá tí wọ́n ti kọ́ látọdún 1891, tí wọ́n ti sá eré kẹ̀kẹ́ Òlíńpíìkì ọdún 1948 níbẹ̀. Ẹ̀yin náà á lè sọ pé ẹ ti sáré ní pápá Òlíńpíìkì. Tó bá sì di ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ jáde, ẹ gba ẹ̀yìn láíbúrárì Peckham, ọ̀nà Surrey Canal yẹn, odò tí wọ́n gbẹ́ ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dí i, òun ló jẹ́ kó tẹ́jú pẹrẹsẹ dé Burgess Park, mọ́tò ò sí níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Tuesday ni mo máa ń gbà á, ìgbà yẹn àwọn ọmọ ti wọ iléèwé.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè lẹ́yìn náà. Bàbá kan ní ṣé òjò ò ní pa á, mo ní òjò ń pa gbogbo wa. Mama kan tó wọ ìró àti bùbá, gèlè ẹ̀ ga tó òkè Olúmọ, dìde lẹ́yìn, ó ní òun gbọ́ gbogbo ẹ̀, ṣé èèyàn lè fi ìró gùn ún. Mo ní Mama, ẹ wá wò ó. Ó wá. Irin ẹ̀ rẹlẹ̀ níwájú, kò nílò kó gbé ẹsẹ̀ fò, ó kàn yí ìdí sí àga ó jókòó, ó ká etí ìró ó fi há abẹ́ itan kó má baà kó sí ṣéènì, ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn tì. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó tún ara ẹ̀ jókòó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Aago ẹ̀ dà?"

Mo fi hàn án. Ó tẹ̀ ẹ́ títí alága fi ní ká wá jẹun.